Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká fi páńẹ́lì kọ́lé sórí ilẹ̀ àbàtà ni àbí ká dúró ti búlọ́ọ̀kù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ń lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Èmi àtọkọ mi ní half plot kan lápá Ajah, ilẹ̀ àbàtà ni, tójò bá rọ̀ omi á dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Owó ilé tá à ń san ti sú wa. Ẹnì kan wá ní òun lè fi páńẹ́lì kọ́ bẹ́dírúùmù méjì àti pálọ̀ fún wa, pé ibi iṣẹ́ àwọn ni wọ́n ti máa ṣe gbogbo ògiri ẹ̀, tírélà á gbé e wá, wọ́n á tò ó pọ̀ láàárín oṣù kan. Ọkọ mi ti fẹ́ sanwó. Ìyá ọkọ mi ní ilé téèyàn máa kàn tó máa dún gbọ́ngbọ́n kì í ṣe ilé, pé ká máa fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tiwa díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí n bá gbọ́ tiẹ̀.

Ẹnjiníà Ìkòròdú: Àǹtí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú. Páńẹ́lì fúyẹ́, búlọ́ọ̀kù onínáìnì wúwo gan-an, lórí àbàtà ìyẹn àǹfààní ńlá ni fún páńẹ́lì. Àmọ́ torí ó fúyẹ́ kọ́ lẹ ò ní ṣe fáúńdéṣọ̀n tó dáa o. Raft ló máa gbà, kọnkéré tó nírin nínú lábẹ́ gbogbo ilé, kẹ́ẹ sì gbé e ga kọjá ibi tómi máa ń dé. Ẹ bi í bóyá fáúńdéṣọ̀n wà nínú owó tó pè, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ, owó ògiri nìkan ni wọ́n á dá, fáúńdéṣọ̀n, wáyà, páìpù, sókóàwé á wá kù sí yín lọ́rùn. Ẹ ṣe soil test, ìyẹn àyẹ̀wò bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó, kẹ́ẹ tó san kọ́bọ̀.

Bíríkìlà Gidi: Mo kí yín mà. Bíríkìlà ni mí, mi ò ní torí iṣẹ́ mi parọ́. Búlọ́ọ̀kù dáa, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó yẹ kó yọ onínáìnì bíi 25 sí 30, àwọn kan á fi yọ 45, tẹ́ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ ha á, iyanrìn á máa dà sílẹ̀ ni. Wọn ò ní bu omi rin ín, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ wọ́n ti kó o lọ fún oníbàárà. Kọnkéré náà, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ti yọ páákó abẹ́ ẹ̀ kó tó gbó. Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní November 2021, èèyàn tó lé ní 40 ló kú, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó máa dúró ti iṣẹ́ yín ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá.

Oníṣọ́ọ̀bù: Kọ̀ǹtẹ́nà ni ṣọ́ọ̀bù tèmi. Tó bá ti di ọ̀sán gangan ẹ ò lè fọwọ́ kan ara ẹ̀, bọ́tà inú ike á ti di omi. Ẹ bi wọ́n ohun tó wà nínú páńẹ́lì yẹn.

Ẹnjiníà Ìkòròdú: Òótọ́ lẹ sọ mà. Tó bá jẹ́ fóòmù funfun yẹn ni, ó ń dá ooru dúró, ṣùgbọ́n tíná bá ràn án èéfín ẹ̀ burú. Rock wool, èyí tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe bí òwú, kì í jó, owó ẹ̀ ló ga. Irin tó wà lára páńẹ́lì náà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ọ̀dọ̀ yín yẹn máa ń jẹ irin, kí wọ́n lo èyí tí wọ́n ti fi zinc bò.

Ará Catford: Ẹ bá mi sọ fún màmá pé ilé ni o! Ní London níbí, lẹ́yìn ogun Hitler, ìjọba to irú ẹ̀ tó lé ní 150,000 fáwọn èèyàn, ọdún 10 ni wọ́n dá fún un, àwọn tó wà ní Excalibur Estate ládùúgbò wa, èèyàn ṣì ń gbé inú wọn lẹ́yìn 60 ọdún. Ibi tó ti máa ń mú wàhálà wá ni oríkèé ẹ̀, níbi tí páńẹ́lì kan ti pàdé èkejì. Ní 16 May 1968, gáàsì bú ní àjà 18 ilé Ronan Point, páńẹ́lì kọnkéré ni wọ́n tò pọ̀ di alájà 22, igun kan ya látòkè délẹ̀, èèyàn 4 kú, torí ohun tí wọ́n fi so páńẹ́lì mọ́ra wọn ò lágbára tó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Tá a bá wá fẹ́ gbé àjà kan lé e lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Ẹnjiníà Ìkòròdú: Ẹ sọ fún oníṣẹ́ páńẹ́lì yẹn báyìí, kó gbà á rò nínú pílánì àti fáúńdéṣọ̀n, tó bá ti parí kò ṣeé ṣe mọ́. Kó mú yín lọ sílé tóun kọ́ tó ti rí òjò ọdún méjì ó kéré tán, ẹ lọ lọ́jọ́ tójò ń rọ̀, ẹ fọwọ́ tọ ojú ibi tí páńẹ́lì méjì ti pàdé àti abẹ́ wíńdò. Bó bá tutù, ẹ máa bọ̀ nílé. Bó bá gbẹ, ẹ gba pámíìtì lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kẹ́ẹ tó jẹ́ kí tírélà gbéra, kẹ́ẹ sì máa sanwó níbi tíṣẹ́ bá dé, èyí tó kẹ́yìn di ẹ̀yìn òjò.