Omi ń dà lójú mi, wọ́n ní ojú mi gbẹ

Atẹ̀wé Agbowó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, ojú gan-an ni mo sì ń sọ. Kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Tí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé, a kì í sùn. Ẹnì kan á gbé ọgọ́fà ojú ewé tó fi ọwọ́ kọ wá nírọ̀lẹ́, ó fẹ́ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fáànù kékeré kan wà lórí tábìlì mi tó kọjú sí mi gbọnrangandan, nítorí jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ ká lè ṣí fèrèsé. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń jókòó síwájú rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé yanrìn wà lójú mi. Màá bomi ṣàn án, yanrìn náà á ṣì wà níbẹ̀. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà á máa ṣú. Bí mo bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì á tún mọ́ kedere, kò ní pẹ́ á tún dàrú. Ìgbà tó yá ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Omi o! Tí mo bá wà lórí ọ̀kadà láti Òjòó, omi á ṣàn kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dé etí. Oníbàárà mi kan tiẹ̀ bi mí pé ta ló kú.

Gbogbo ènìyàn ló mọ oògùn. Ìyàwó mi ní Àpólò ni. (Ọdún 1969 ni orúkọ yẹn wọ ẹnu wa, nígbà tí àrùn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà ní àsìkò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi Apollo 11 lọ sínú òṣùpá. Bàbá mi ló sọ fún mi, inú rẹ̀ sì máa ń dùn láti sọ ọ́.) Àmọ́ ṣé Àpólò ń lo oṣù mẹ́ta ni? Oníkẹ́mísì ta oògùn kan fún mi tó ń sọ ojú di funfun kíákíá. Lóòótọ́ ló ń funfun. Tí agbára oògùn bá ti tán, á pọ́n ju ti àná lọ, èmi náà á tún kán an. Ìgò mẹ́rin ni mo lò.

Nígbà tó sú mi, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ojú yín gbẹ." Ẹ̀rín pa mí. Omi ń tú jáde lójú mi bí omi ẹ̀rọ, obìnrin yìí ní ó gbẹ. Ó ní kí n jókòó.

Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há etí ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀, ó ní kí n pa ojú dé fún ìṣẹ́jú 5. Nígbà tó yọ ọ́, ó wo ibi tí omi rin ín dé: mílímítà 14. Ó ní kò burú, pé tí kò bá tó 10 ni wọ́n máa ń fura, tó bá wá jẹ́ 5 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ó wá fi nǹkan aláwọ̀ ọsàn sí mi lójú, ó tan iná búlúù sí i, ó ní n kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú, ló bá ń kà. Kò tíì ka eérin tó fi ní, "Ó ti ya." Ó ní tí ojú bá dá, omi tó bo ẹyinjú máa ń dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó ya.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Omi tó bo ojú kì í ṣe omi lásán. Ikun fẹ́lẹ́ kan wà nísàlẹ̀ tó mú un lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, omi gangan wà láàárín, ọ̀rá wá léfòó sókè kí atẹ́gùn má baà gbé e. Àwọn ihò tíntìntín tó tò sí etí ìpéǹpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun, ni ọ̀rá yẹn ń gbà jáde, ìgbà tí a bá sì ń ṣẹ́jú ló ń jáde. Ó tẹ etí ìpéǹpéjú mi, ó gbé dígí fún mi. Nǹkan funfun kan yọ jáde, ó ki. Ó ní ó yẹ kó máa ṣàn bí òróró ni.

Ó bi mí pé, "Tí ọyẹ́ bá mú, báwo ni epo pupa ṣe máa ń rí nínú ìgò?"

Mo ní ó máa ń dì.

"Kí ni màmá yín ń ṣe sí i?"

Mo ní wọ́n ń gbé e sóòrùn.

Ó ní, "Ohun tí ẹ máa lọ ṣe nìyẹn."

Ní ti omi tó ń dà, ó ní bí ẹyinjú bá ti gbẹ tó ń ta, á ké sí ẹṣẹ́ omijé, ìyẹn ibi tí ara ti ń ṣe omijé, tó wà lókè ojú, ìyẹn á da omi bolẹ̀ bíi panápaná. Omi tí kò sí ọ̀rá lórí ẹ̀ ni. Á ṣàn lọ, ojú á tún gbẹ.

Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, mò ń ti aṣọ ìnujú bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ (ẹ má fi omi gbígbóná bó ara yín o), mo ń fún un, mo ń gbé e lé ojú tí mo pa dé fún ìṣẹ́jú 10. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí aṣọ fi ń tutù, ẹ gbọ́dọ̀ máa tún un rì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ìka ra ìpéǹpéjú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ sí ìdí irun. Mo tún ń kán omijé àtọwọ́dá lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Mo yí fáànù sí ẹsẹ̀. Mo sọ kọ̀ǹpútà kalẹ̀ díẹ̀, kí n máa wò ó nísàlẹ̀, kí ojú má baà ṣí jù.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́jú náà tún wà. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ṣẹ́jú bíi ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ó lè já sí 5 tàbí 7. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ka tèmi láìjẹ́ kí n mọ ìgbà tó máa kà á. Ó ní mẹ́rin.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó mọ ìyàtọ̀. Kò tíì lọ tán. Bí mo bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ̀lẹ, yanrìn ti padà dé nìyẹn.

Ìyá Alámàlà, Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, o káre. Ọ̀rọ̀ mi lo sọ yìí, orí ààrò ni tèmi kàn ti ṣẹlẹ̀.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ro ọkà. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe: bí o bá ti gbé orógùn, o kò lè gbójú kúrò, èéfín ń bọ̀, ooru ìkòkò ń bọ̀, o dẹ̀ ti tẹjú mọ́ ọn kó má baà ní kókó. Mo rò pé gbogbo alámàlà ni ojú ẹ̀ ń pọ́n. Àmọ́ nígbà tí nǹkan oṣù mi dúró ló wá burú jáì. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin, pé tí ara bá yí padà, ojú náà máa ń gbẹ.

Kí n má parọ́, mo kọ́kọ́ gba omi ọmú lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi, mo kán an sójú fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú wú, ó ń ṣe ikun. Dókítà ní mo ti fún kòkòrò lóúnjẹ. Mo mọ ẹni tó tiẹ̀ fi ìtọ̀ sí i. N ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ń ka ibí yìí.

Gáàsì ni mo fi ń ro ọkà báyìí. Ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì ṣì wà lórí igi o, àwọn oníbàárà mi máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń dúró tì í.

Oníṣòwò pákó, Bódìjà

Àbúrò, o ṣeun. Ọlọ́run bá ẹ ṣe é tó jẹ́ oògùn tó ń sọ ojú di funfun nìkan lo lò. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tèmi ta tẹ́tẹ́.

Tí wọ́n bá ń la igi ní ọ̀dọ̀ wa, ìyẹ̀fun pákó á gba gbogbo afẹ́fẹ́ kan. Ojú mi ń ta, ó ń yún. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, oògùn tí wọ́n fún un kù díẹ̀, ó ní kí n máa kán an. Ọjọ́ kejì, ojú mi tutù bí omi àmù. Mo mú ìgò náà lọ sí kẹ́mísì kan, wọ́n ta òmíràn fún mi, wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kán an. Dexamethasone ló wà lára ẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé sitẹ́rọ́ọ̀dù ni, oògùn líle tó ń pa wíwú àti pípọ́n.

Ọjọ́ kan, ọmọ mi dúró lápá òsì mi pẹ̀lú àwo oúnjẹ. Mo yí padà, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Mo bínú sí i pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti wà níbí látàárọ̀."

Wọ́n ní oògùn náà ti mú kí omi inú ẹyinjú mi máa tì í jù, pé glaucoma ni. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ti kú díẹ̀, èyí tó bá sì kú níbẹ̀ kì í jí mọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe báyìí, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń lò ó fún ìgbà díẹ̀ fún ojú gbígbẹ tó le, wọ́n á sì máa wọn ìtìsí yẹn. Ta ló wọn tèmi? Títí ayé ni n óò máa kán oògùn glaucoma báyìí.

Gbígbẹ yẹn gan-an, awò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti omijé àtọwọ́dá ló tó o.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Mo kí gbogbo yín. Ẹ dákun, ẹni tí ojú bá gbẹ, kó wo ẹnu ara rẹ̀ náà.

Mílímítà 2 ni bébà tèmi rin. Dókítà bi mí bóyá mo lè jẹ búrẹ́dì láìmu omi. Ó yà mí lẹ́nu, torí ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí oríkèé ọwọ́ ń ro mí. Mo rò pé ogbó ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn Sjögren ni. Orúkọ dókítà ojú kan ní Swídìn tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1933 ni wọ́n fi pè é. Àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà nínú ara ẹni ló ń dojú ìjà kọ ẹṣẹ́ tó ń ṣe omijé àti itọ́.

Ti Atẹ̀wé, ọ̀rá ni kò tó. Tèmi, omi gan-an ni. Nítorí náà aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò ràn mí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi nǹkan kékeré kan, tí kò tó hóró ìrẹsì, dí ihò tí omijé ń gbà sálọ sínú imú, kí ìwọ̀nba tí mo ní lè dúró. Omijé àtọwọ́dá tí mò ń lò kò ní èròjà tí kì í jẹ́ kí oògùn tètè bàjẹ́ nínú, nítorí mò ń kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, èròjà yẹn sì máa ń ha ojú tó bá pọ̀.

Mo tún ń lo Piriton (oògùn ara yíyún) lálálẹ́ torí kí n lè sùn. Dókítà ní ó ń gbẹ ojú àti ẹnu. Mo ti fi í sílẹ̀. Oorun kò tíì padà dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń jẹ búrẹ́dì.

Atẹ̀wé Agbowó

Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà mi. Ẹ̀gbọ́n oníṣòwò pákó, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín dùn mí.

Àwọn tó ń bi mí ní kọ̀rọ̀: ẹ ka ara páálí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń mú pípọ́n kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Carboxymethylcellulose tàbí hypromellose ni ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ omijé àtọwọ́dá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dà á nù, bó tilẹ̀ kù. Tí ojú bá ń dunni gan-an, tí ìríran ń dínkù, tàbí tí iná ń ta á, ẹ má dúró ka tiwa, ẹ lọ rí dókítà ojú.

Wọ́n ti gbé àádọ́rùn-ún ojú ewé míì wá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní lánàá mo ṣẹ́jú ní ìgbà mọ́kànlá.