Títẹ kọ́ọ̀dù «So What» lórí dùùrù àti gìtá

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta, ìyẹn ohùn mẹ́ta tí a tẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò nira fún mi mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí atẹdùùrù Bill Evans tẹ̀ nínú orin jáàsì «So What» tí Miles Davis gbé jáde lọ́dún 1959 kò yé mi rárá. Ohùn wo ló wà níbẹ̀?

Onídùùrù: Ohùn márùn-ún ni. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ E, A àti D, kí ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ G àti B lókè wọn. Àlàfo wọn dọ́gba bíi ti do sí fa, àyàfi G sí B tó jẹ́ ti do sí mi, òun gan-an ló sì ń dẹ ohùn yòókù lára. Lẹ́yìn náà, ẹ sún gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀ di D, G, C, F àti A.

Onígìtá: Tiwa tilẹ̀ rọrùn jù, nítorí pé okùn márùn-ún tó nípọn jù lórí gìtá ti jẹ́ E, A, D, G, B láìtẹ nǹkan kan. Ìka kan tí ẹ bá tẹ́ pẹrẹsẹ sí fret kẹwàá (irin tẹ́ẹ́rẹ́ kẹwàá tó dábùú ọrùn gìtá) yóò mú kọ́ọ̀dù kejì jáde.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ṣé mo lè lò ó nínú orin ìyìn?

Onídùùrù: Ẹ lè lò ó níbi tí kọ́ọ̀dù bá ti pẹ́ lójú kan, ṣùgbọ́n ẹ má fi parí orin.