Jíìpù AWD ń gbọ̀n láàárín 60 sí 80, omi rẹ́díétọ̀ sì ń dínkù: gíà ni àbí ẹ́ńjìnì?

Oníjíìpù béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó síbi tí kò yẹ. Jíìpù AWD ni (ẹ́ńjìnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), ẹ́ńjìnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) 3.5 lítà, gíà ọtọmátíìkì onípele 6, ó ti sá 165,000 kìlómítà. Ohun tó ń ṣe rèé.

Bó bá ti gbóná tán, tí mo wà láàárín 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ẹsẹ̀ mi kàn wà lórí tọ́tù (ibi tí a ń tẹ̀ fún eré) fẹ́rẹ́, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n rìrì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì dákẹ́. Bí mo bá tẹ tọ́tù wọlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Iná check engine tàn, kódù P0302 ni wọ́n rí níbẹ̀. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnì máa ń ṣe ségesège díẹ̀ kó tó dúró. Bí mo bá fà á láti P sí D, á dún gbì lábẹ́. Bí mo bá ká sìtíárìn dé òpin nígbà tí mo bá fẹ́ páàkì, ọkọ̀ á le, àfi bí ẹni pé bíréèkì di táyà mú. Omi rẹ́díétọ̀ ń dínkù, ilẹ̀ sì gbẹ.

Mẹkáníìkì kan ní gíà ló kú, ká wá òmíràn. Èkejì ní púlọ́ọ̀gì ni. Táyà iwájú méjèèjì jẹ́ tuntun, ti ẹ̀yìn ti jẹ díẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Gíà:

Ẹ má tíì ra gíà o. Ẹni tó bá pààrọ̀ gíà láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ohun kan náà ló máa pa ti èkejì.

Gbígbọ̀n tí ẹ ṣàlàyé yẹn jọ ti torque converter, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì bọ́ sínú gíà. Kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà pọ̀ ṣinṣin tí eré bá ti dúró sójú kan. Bí ojú kílọ́ọ̀ṣì yẹn bá ti jẹ, tàbí tí ọ́ìlì gíà ti gbó, á máa mú, á máa yọ̀, òun lẹ ń gbọ́ lára ọkọ̀. Ẹ wá ọ̀nà tó dá, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, kí ẹ di eré mú ní 70. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́rẹ́, ìwọ̀n tí iná ẹ̀yìn á fi tàn, kì í ṣe kí ọkọ̀ dúró. Kọ̀ǹpútà gíà á tú kílọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí abẹ́rẹ́ RPM (tó ń fi eré yíyí ẹ́ńjìnì hàn) sì fò sókè díẹ̀, torque converter ni ká fura sí. Bí kódù P0741, tó ń tọ́ka sí kílọ́ọ̀ṣì yẹn, bá tún wá, ọ̀rọ̀ ti ń yanjú nìyẹn.

Rẹwáyà:

Ọ̀gá, mo gbà, ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn nìkan kò tó láti dá ẹ́ńjìnì láre. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá ti so, ẹ́ńjìnì àti gíà ti di ọ̀kan. Sílíńdà tó bá kùnà láti jó, ara ọkọ̀ ló máa bọ́ sí tààrà. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ọ́ìlì inú converter á bo àṣírí ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á dákẹ́, ẹ ó sì rò pé gíà ni. P0302 ti ń sọ fún wa pé sílíńdà kejì ń míìsì, kì í jó bó ṣe yẹ. Òun la máa kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ kí ẹ mọ èwo ni sílíńdà 2, nítorí nọ́ńbà V6 kò rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń tú sílíńdà tí kò ṣe nǹkan kan. Kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ yọ kọ́ìlì (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná) ti 2, ẹ gbé e sí 4, kí ti 4 wá sí 2. Ẹ nu kódù kúrò, ẹ wa ọkọ̀ títí á fi míìsì, kí ẹ tún sikáànì. Bó bá di P0304, kọ́ìlì ni, kò tún sí àròyé. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, ẹ ṣe púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Bó bá tún dúró síbẹ̀, ó ku injector (ẹnu tó ń fún epo sí sílíńdà) àti ìfúnpọ̀ sílíńdà.

Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tò ó bó ṣe wà nínú ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo ojú wọn dáadáa. Bí ọ́ìlì bá wà nínú ihò tí kọ́ìlì ń jókòó sí, rọ́bà ìbòrí fáàfù ló ń jò. Bí púlọ́ọ̀gì bá dúdú tó sì tutù, epo pọ̀jù tàbí kò jó. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá funfun tó mọ́ kedere láàárín àwọn tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ dákẹ́ síbẹ̀, kí ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ̀yí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kò kàn tàn lásán, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí ẹ wá ibi tí ẹ máa dúró sí. Epo tí kò jó ń lọ sínú catalytic (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú páìpù èéfín), ibẹ̀ ló máa jó sí, á sì yọ́ inú rẹ̀.

Ìyá Sípánà:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ gíà àti kọ́ìlì, ẹ fi omi sílẹ̀. Omi tó ń dínkù tí ilẹ̀ gbẹ, ibì kan ló ń lọ. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà, méjì nínú wọn sì lè ṣàlàyé gbígbọ̀n ọkọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́, ó lè ń wọ sílíńdà látinú tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì (head) àti ara rẹ̀ (block). Mọ́jú, omi díẹ̀ á ti jò wọlé. Bí ẹ bá ta ẹ́ńjìnì láàárọ̀, á ṣe ségesège títí omi yẹn á fi jó tán. Púlọ́ọ̀gì funfun tí Rẹwáyà ń wí, ooru omi gbígbóná ló fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ó lè ń wọ gíà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé inú rẹ́díétọ̀ gan-an ni páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà lára wà. Bí ògiri rẹ̀ bá lu, omi àti ọ́ìlì á pò. Kúláńtì, ìyẹn omi rẹ́díétọ̀, á tú àtè tó lẹ ojú kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin, torque converter á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí Bàbá Gíà ṣe ṣàlàyé. Ẹ kán ọ́ìlì gíà sórí pépà funfun. Pupa tó mọ́ dára. Dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó, ó ti gbó. Àwọ̀ osùn tó dà bí ẹni bu mílíìkì sí i, omi ti wọ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ náà, ẹ má wà á dé ibì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé e. AWD ni, gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù omi. Nínú àwọn V6 kan, chain inú ẹ́ńjìnì (timing chain) ló ń yí pọ́ǹpù, inú ẹ́ńjìnì ló sì wà. Bó bá jò tí omi kò rí ihò rẹ̀ gbà jáde, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló máa lọ. Ẹ fa dipstick, irin tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì lọ, tàbí tó dà bí mílíìkì, ẹ má tún ta ẹ́ńjìnì. Bẹ́rìn orí crankshaft kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ọ́ìlì olómi. Ẹ̀kẹrin ni heater abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: kápẹ́ẹ̀tì iwájú á rin, gíláàsì á máa bu kùrukùru.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, nítorí ìdérí rẹ́díétọ̀ gbígbóná máa ń bó ènìyàn lójú. Ẹ so pọ́ǹpù ìdánwò mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ fún un dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sórí ìdérí náà, tó sábà máa ń jẹ́ bíi 1.1 bar, ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán. Mọ́jú ló dára jù fún jíjò tó kéré. Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ tí ìta gbẹ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo orí písítìn kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò olómi búlúù wà pẹ̀lú: ẹ gbé e sí ẹnu rẹ́díétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ ti din omi kù kó má bàa fà á mu. Bó bá di yẹ́lò, èéfín sílíńdà ti wọ omi. Ṣùgbọ́n bí kò bá yí àwọ̀, ẹ má yọ̀ jù, jíjò kékeré lè má hàn níbẹ̀.

Alátayà:

Ọ̀rọ̀ sìtíárìn tó ń le yẹn, tèmi nìyẹn. Táyà tuntun níwájú, àlòkù lẹ́yìn, lórí AWD? Rárá o. Bí ìjìnlẹ̀ ojú táyà bá fi mílímítà 3 yàtọ̀, ìyípo rẹ̀ á fi nǹkan bíi mílímítà 19 yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń pín agbára sí ẹ̀yìn á máa jà ní gbogbo ọ̀nà, ọ́ìlì rẹ̀ á gbóná, á sì jó. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ ìyàtọ̀ tó gbà. Ọ̀pọ̀ kò gbà ju mílímítà 2 sí 3 lọ, àwọn kan kò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fún gbogbo táyà ní atẹ́gùn tó yẹ, kí ẹ fi tépù wọn ìyípo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá bára dọ́gba tí ọkọ̀ ṣì ń le, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì transfer case (àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) àti ti differential ẹ̀yìn (èyí tó ń pín in fún táyà méjèèjì). Ihò ìrọ́ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú kí ẹ tó tú ti ìdàsílẹ̀ o! Ẹni tó bá da ọ́ìlì nù tán tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ láti tú, ọkọ̀ rẹ̀ kò lè kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Differential púpọ̀ ń mu ọ́ìlì 75W-90 GL-5, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì AWD lè ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ẹsẹ̀ Ọkọ̀:

Gbì yẹn, ẹ́ńjìnì síìtì (ohun tí ẹ́ńjìnì jókòó lé) ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan di bíréèkì mú ṣinṣin, kó gbé e lọ sí R, kó gbé e padà sí D, kí ẹnì kejì dúró ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú. Bí ẹ́ńjìnì bá fò sókè tàbí tó lu nǹkan, síìtì ti já. Èyí tó ní omi nínú máa ń da omi dúdú sára irin tó bá bẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà pẹ̀lú òkúta, ẹ gbé e sí N, kí ẹ fi ọwọ́ yí propeller (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn) síwá sẹ́yìn lábẹ́. Bí cross, oríkèé rẹ̀, bá ń mì, ẹ ti rí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó ń míìsì máa ń na síìtì ju bó ṣe yẹ, torí náà ẹ má pààrọ̀ síìtì ṣáájú P0302.

Oníjíìpù:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti gbé kọ́ìlì láti 2 sí 4, P0302 kò kúrò. Púlọ́ọ̀gì ti 2 funfun, ti àwọn márùn-ún yòókù ní àwọ̀ ilẹ̀. Ọ́ìlì gíà pupa tó ti ṣú díẹ̀, kò ní mílíìkì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà lójú àmì. Kámẹ́rà fi omi hàn lórí písítìn 2 lẹ́yìn tí a fi pọ́ǹpù sílẹ̀ mọ́jú. Ṣé kí n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan yẹn ni?

Ìyá Sípánà:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti rí i. Kí ẹ tó tú u, ẹ bi ara yín bóyá ó ti gbóná kọjá ààlà rí, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà já lásán. Sẹ́ńsọ̀, fáànù, thermostat (tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi bó bá gbóná), gbogbo wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun náà á já.

Wọ́n á gbé head náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ojú irin, kí wọ́n fi irin tó tọ́ gbọọrọ àti feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò fàyè gba ju 0.05 sí 0.1 mílímítà wíwọ́ lọ. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún sísán pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi irin kan náà wo ojú block, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbójú fò. Bọ́ọ̀tì head tí wọ́n ń fi ìwọ̀n igun yíyí dì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Tuntun ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ti ń tú ẹ̀gbẹ́ kan, chain ti ṣí sílẹ̀, ẹ wo tensioner àti guide rẹ̀, àwọn tó ń mú un le tó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ kejì, bí kò bá jò tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì dára, èmi kò ní fipá mú yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í, ọ́ìlì àti fíltà tuntun, kúláńtì tó bá ìwé ọkọ̀ mu, kí ẹ sì fa atẹ́gùn jáde dáadáa.

Bàbá Gíà:

Ìyá Sípánà ti parí tiẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró, tí táyà dọ́gba, tí ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n ní 70, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ọ́ìlì tó ti ṣú yẹn yẹ ní pípààrọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fún un jáde. Ẹ tú páànù, ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyẹ̀fun eérú tó kúnná kì í ṣe ẹjọ́, irin wẹ́wẹ́ tó ń dán lẹ́jọ́. Ẹ pààrọ̀ fíltà bó bá ní.

Ohun tó máa jáde lẹ́ẹ̀kan kò ju lítà 3 sí 5 lọ nínú gbogbo rẹ̀ tó lè jẹ́ 8 sí 12. Ẹ wọn ohun tó jáde, iye yẹn ni kí ẹ dá padà, kí ẹ wà á, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Gíà tí kò ní dipstick, ihò ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tí ọ́ìlì sì wà ní ìwọ̀n ooru tí ìwé sọ, tó sábà máa ń wà láàárín 35 sí 45°C. Ẹ fi sikánà wo ooru náà, má fi ọwọ́ díwọ̀n. Irú ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ dárúkọ ni o, èyí tí wọ́n kọ "fún gbogbo ọkọ̀" sí lára, ẹ fi sílẹ̀ ní ìsọ̀ wọn.