Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni eégbọn àti kòkòrò kúrúnà?

Ọlọ́sìn Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Eégbọn oríṣi méjì ló wà lára màlúù mi. Ọ̀kan tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, ó sì ń dá egbò sí ọmú wọn. Èkejì kéré, ó pọ̀ lọ́rùn àti lábẹ́ ikùn. Kúrúnà tún mú ewúrẹ́ mi méjì létí àti lẹ́nu. Ẹni tó ń ta oògùn ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, pé oògùn kan náà ni kí n fọ́n sí wọn lára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọmọ mi tún ní eégbọn ti wà láyé dáínósọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Awo Eégbọn, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Eégbọn ni mò ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù lójoojúmọ́, inú mi sì dùn pé ẹ yẹ tiyín wò dáadáa kí ẹ tó béèrè.

Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹbí tó jìnnà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n bí aláǹtakùn àti àkeekèé. Ohun tó lé ní 50,000 irú eégbọn àti àwọn kòkòrò bíi ti kúrúnà ni àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ, agboolé ńlá méjì ni wọ́n sì pín wọn sí. Sarcoptes scabiei tó ń fa kúrúnà wà nínú Acariformes, eégbọn wà nínú Parasitiformes. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn pé agboolé méjèèjì kì í ṣe ọmọ bàbá kan.

Ẹ wo bí ìgbésí ayé wọn ṣe yàtọ̀. Inú awọ ni kòkòrò kúrúnà ń gbẹ́lẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wo àwọn ewúrẹ́ yẹn fún abẹ́rẹ́ ivermectin. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni eégbọn ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Èyí tó tóbi yẹn jọ Amblyomma variegatum. Ẹnu rẹ̀ gùn, egbò náà kò ṣẹ̀yìn rẹ̀. Ẹran mẹ́ta ló ń jẹ lára nígbà ayé rẹ̀: bó bá jẹun yó, á já bọ́, á bọ́ awọ nínú koríko, á tún wá ẹran mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń fọ́n oògùn, púpọ̀ nínú wọn kò sí lára màlúù rárá. Òun náà ló ń gbé àrùn tí omi fi ń gbá jọ yí ọkàn ewúrẹ́ ká.

Àwọn kékeré yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Boophilus ni à ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n kó wọn sábẹ́ ẹbí eégbọn mìíràn tó ń jẹ́ Rhipicephalus. Ara màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irú kan nínú wọn, decoloratus, ti ilẹ̀ wa ni. Irú mìíràn, microplus, àjèjì ni. Màlúù tí wọ́n kó láti Brazil ló gbé e wọ Benin, ó sì ti dé Nàìjíríà. Oògùn kì í tètè ran án. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ìlà eyín mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lápá kọ̀ọ̀kan ẹnu decoloratus, mẹ́rin-mẹ́rin ni ti microplus. Ẹ fi ẹ̀mú yọ díẹ̀, ẹ kó o sínú ọtí tó le, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti mú un, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ní 2017, wọ́n ròyìn eégbọn kan láti Burma tó di ìyẹ́ dáínósọ̀ mú nínú oje igi tó ti di òkúta, ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 99. Agboolé kejì, ti kòkòrò kúrúnà, tún ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Rhynie, ní Scotland, òkúta ọdún bíi mílíọ̀nù 410 ni wọ́n ti rí tiwọn. Onímọ̀ kan, Hirst, fún wọn lórúkọ kan ṣoṣo ní 1923, Protacarus crani. Ní 1962, onímọ̀ mìíràn, Dubinin, tún wọn wò, ó ní irú márùn-ún ni.

Olóyin Ògbómọ̀ṣọ́

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí oyin! Láti 1904 ni Varroa jacobsoni, kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ní 2000 ni wọ́n tó fi hàn pé òmíràn ló ń pa oyin wa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Varroa destructor. Ṣé agboolé eégbọn ni Varroa wà, ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn?

Awo Eégbọn, Ìbàdàn

Ibẹ̀ gan-an ni. Ó sún mọ́ eégbọn ju kòkòrò kúrúnà lọ.

Ọlọ́sìn Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gidigidi. Ṣé mo lè fi ògógóró dípò ọtí yẹn?

Awo Eégbọn, Ìbàdàn

Rárá o, agbára ògógóró kì í dúró sójú kan. Ẹ ra sípíríìtì ní ilé oògùn, kí ẹ sì dé ìgò náà pa.