Ìrìn-àjò afẹ́ yàtọ̀ sí ìrìnkèrindò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé ká pa "ìrìn-àjò afẹ́", tí a fi ń túmọ̀ "tourism", tì, ká máa lo "ìrìnkèrindò", torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní Yorùbá àtijọ́ kò mọ àjò fàájì, pé ìyà ni gbogbo àjò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìrìnkèrindò ní wàhálà nínú. Ẹni tó ń rìn ín kò mọ ibi tí ilẹ̀ máa ṣú u sí. Ta ló máa sanwó òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kó tó lọ rìnkèrindò? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí? Bí kì í bá dùn rárá, kí ni wọ́n ń kìlọ̀ fún onílé fún?

Òótọ́ ni pé ọjà ló ń gbé alájàpá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó gan-an kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn bo fàájì lójú ni. Ní ọ̀rúndún 17 àti 18, àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ sí Faransé àti Ítálì. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ làwọn ń lọ kọ́, olùkọ́ wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje 1841, Thomas Cook, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, kó nǹkan bí 500 èèyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough, ṣílè kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé àwọn tó ń gbógun ti ọtí ni wọ́n ń lọ o! Ìgbà tó di 1845 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò èyí tó máa fi jèrè, lọ sí Liverpool.

Ohun tó wà lọ́kàn èrò ló ń sọ àjò di afẹ́. Ẹ wo ọkọ̀ tó gbéra ní Ìwó Road lọ sí Òṣogbo lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù Kẹjọ. Ìyá tó jókòó níwájú ń lọ san ẹ̀jẹ́ ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ń lọ wòran. Owó ọkọ̀ kan náà ni wọ́n san. Ti ìyá kì í ṣe afẹ́, bó tilẹ̀ jó títí ilẹ̀ fi ṣú. "Afẹ́" yìí ló yà wọ́n sọ́tọ̀; kí ni "ìrìnkèrindò" fẹ́ fi yà wọ́n?

Àmọ́ a máa ń ṣì í lò, mo gbà. Ará Mọ́kọ́lá tó lọ gun ilé gogoro Láyípo lórí Òkè Àrẹ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, kò re àjò kankan. Ó lọ gbafẹ́ ni. Ẹni tó ti Kánò wá wò ó ló rin ìrìn-àjò afẹ́.

Èyí tí a kò tíì rí orúkọ tó dáa fún ni iṣẹ́ Cook fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn ṣètò àjò. Amọ̀nà kọ́, amọ̀nà ló ń mú wa gun Olúmọ. Mo dábàá "alárinà àjò", torí pé àárín èrò àti ọlọ́kọ̀ àti onílé ìtura ló dúró sí. Ẹ mú èyí tó sàn jù wá bí ẹ bá ní in, kó má ṣáà ti jẹ́ "ejẹ́ǹtì". Àwọn ejẹ́ǹtì ilé ti ba orúkọ yẹn jẹ́ n'Íbàdàn níbí.