Venture X ni ẹ̀gbọ́n mi gbà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè káàdì àwìn (credit card) ti ìrìn-àjò tí ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston gbà: Sapphire Reserve ti báńkì Chase ni àbí Venture X ti báńkì Capital One. Venture X ló gbà.

Owó ọdọọdún ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú. $795 ni Chase ń gbà láti ọdún 2025. $395 ni ti Venture X. Àwọn méjèèjì ń dá $300 padà nínú owó ìrìn-àjò. Òótọ́ ni pé ti Chase rọrùn jù níbẹ̀, torí ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé orí ìkànnì Capital One nìkan ni tiwọn ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n mi ń wálé sí Kàbà. Tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá nìkan á ti gba $300 yẹn tán.

Ẹ̀yin tí ẹ dábàá Amex (American Express), ẹ má bínú: Visa, Mastercard àti Verve ni ẹ̀rọ POS ọ̀dọ̀ wa mọ̀ jù.

Ẹ kíyè sí èyí o: láti oṣù kejì ọdún 2026, ẹni tí ẹ bá fi kún àkáǹtì Venture X yín á san $125 lọ́dún kó tó lè wọ yàrá ìsinmi pápákọ̀ òfurufú. A ò fi Màmá kún un.