Kọ̀ jálẹ̀ yàtọ̀ sí àfojúdi

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń wá orúkọ fún ìwà ẹni tí aláṣẹ pàṣẹ fún, tó rí i pé àṣẹ náà kò tọ́, tó sì sọ ní gbangba pé òun ò ní ṣe é, ìyà yòówù kó tẹ̀ lé e. Wọ́n dábàá "àfojúdi". Ẹlòmíì ní "àìgbọràn" ti tó. Ẹ má bínú, méjèèjì ò wọ̀ mí létí.

Ẹ tú àìgbọràn palẹ̀: gbọ́ àti ọ̀ràn ló wà níbẹ̀. Etí ló ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó jókòó ti eré, aláìgbọràn ni. Ṣùgbọ́n Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, ní Montgomery, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní kí èèyàn dúdú mẹ́rin tó wà lórí ìlà kan dìde nítorí òyìnbó kan ṣoṣo. Mẹ́ta dìde. Parks sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì jókòó síbẹ̀. Awakọ̀ bi í bóyá ó máa dìde, ó ní rárá. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n mú un lọ.

Ó fojú di ta ni níbẹ̀? Kò bú ẹnikẹ́ni. Àléébù àfojúdi ni pé ẹnu ọ̀gá ló ti ń jáde: àgbà ló ń pe ọmọdé ní aláfojúdi, ọmọdé kì í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tá a bá lò ó, a ti dá ẹjọ́ ká tó gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. "Ọ̀tẹ̀" tilẹ̀ burú jù ú lọ, torí abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í. Gandhi, tó ṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, kọ lẹ́tà sí aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1930, ó sọ fún un pé òun máa rú òfin iyọ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ará Íńdíà ṣe iyọ̀ fúnra wọn, kó tó gbéra lọ́jọ́ kejìlá láti fẹsẹ̀ rìn lọ sétí òkun lọ rú u. Ọlọ̀tẹ̀ wo ló ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń dìtẹ̀ mọ́?

"Kọ̀" ni kí a mú. Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn tó gbógun ti owó orí ní 1968 àti 1969, fi hàn pé ó ṣeé fi sọ orúkọ, orúkọ náà sì dùn lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ rọra. Kọ̀ àti ìyà di kọ̀yà torí pé fáwẹ́lì ì ló já, kọ̀ dúró digbí. Tẹ́ ẹ bá so kọ̀ mọ́ àṣẹ, à ti àṣẹ kò ní gbà, ọ̀ ti kọ̀ ló máa lọ, "ìkàṣẹ" lẹ ó sì bá lọ́wọ́, bí ẹni tó jókòó tó ń ka àṣẹ ní oókan-èjì. Ẹni tó bá fipá tọ́jú ọ̀, tó kọ "ìkọ̀ṣẹ", ẹ jẹ́ kí àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ ọ́ wò: ajàjàgbara á di ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Ìkọ̀jálẹ̀ ni tèmi. Òótọ́ ni pé èèyàn lè kọ ọ̀rẹ́kùnrin jálẹ̀, láìsí aláṣẹ kankan níbẹ̀. Níbi tó bá ti lè ru ni lójú, ẹ pè é ní ìkọ̀jálẹ̀ àṣẹ. Kò kúrú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó nínú gbólóhùn: "Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀ jálẹ̀." Ta ló máa bi yín pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?